Ebi Tó Ń Bá Afẹ́fẹ́ Rìn: Àwọn Alágbàṣe London Láyé Ọbabìnrin Victoria

Ní London láyé Ọbabìnrin Victoria, afẹ́fẹ́ lè febi pa géńdé ọkùnrin. Ìgbòkun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbà náà fi ń rìn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, láti erékùṣù Caribbean àti láti etíkun Áfíríkà kò ní lè gba ojú omi tó wà láàárín England àti ilẹ̀ Faransé. Wọ́n á dúró sójú agbami, wọ́n á máa retí kí afẹ́fẹ́ yí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ò bá wọlé, kò sí ẹrù láti já. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ti jí lọ sí èbúté láti ìdájí á sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, aṣọ ọjọ́ Ìsinmi á ti wà lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fi dógò sí, bàtà á tẹ̀ lé e, á wá ku aṣọ ìbora. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá wá yí, ọkọ̀ á wọlé wìtìwìtì, iṣẹ́ á pọ̀ débi pé ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ kan á máa gbé àpò ṣúgà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọkùnrin tó fi ìwé àti gègé tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí dópin ni Henry Mayhew. Ọmọ agbẹjọ́rò ni, akọ̀ròyìn ni, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Punch sílẹ̀ ní 1841. Owó kì í dúró lọ́wọ́ òun náà; gbèsè ti gbé e dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 1849, àrùn onígbáméjì jà ní London, ó sì pa nǹkan bí 14,000 ènìyàn. Mayhew lọ wo Bermondsey, níhà gúúsù odò Thames, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi mu nínú kòtò kan náà tí wọ́n ń da ìgbẹ́ sí. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìwé ìròyìn Morning Chronicle gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́, pé kó lọ wádìí bí àwọn tálákà London ṣe ń ṣiṣẹ́ àti iye tó ń wọlé fún wọn. Ó ṣe é fún ohun tó lé ní ọdún kan. Nígbà tó yá, ó kó ìròyìn náà àti èyí tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ jọ sínú ìwé London Labour and the London Poor, tí wọ́n tẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́rin lẹ́yìn 1860.

Ìbéèrè ọlọ́jà ni Mayhew ń béèrè. Èló lo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọjọ́ mélòó lo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ta ló ni ọmọlanke tó ò ń tì kiri? Èló lò ń san lórí rẹ̀? Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí? Bí wọ́n bá ṣe dá a lóhùn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú èdè ìgboro wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣírò.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún àwa náà pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò ní í tòṣì. Ohun tí àwọn ọlọ́lá England gbà gbọ́ nìyẹn, wọ́n sì fi ṣòfin ní 1834: ẹni tí kò bá rówó jẹun, ọ̀lẹ ni tàbí ọ̀mùtí, kí wọ́n má ràn án lọ́wọ́ àfi lọ́nà tí kò ní í wù ú láti pa dà wá. Lójú tèmi, ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tó ta ko ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé Mayhew. Iṣẹ́ wà ní London, ó pọ̀, ó le, àwọn tálákà ló sì ń ṣe é. Ohun tí wọn ò ní ni ọ̀la. Wọ́n ń fi ojoojúmọ́ gba iṣẹ́, nígbà tó yá wọ́n fi wákàtí gbà á, ẹni tó sì ni iṣẹ́ náà kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan lẹ́yìn tí agogo bá ti lù.

Ẹ wo èbúté. West India Docks ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní 1802, London Dock tẹ̀ lé e ní 1805. Ògiri gíga ni wọ́n fi yí wọn ká nítorí olè. Nínú ògiri náà ni eyín erin wà, tíì, tábà, ọtí wáìnì, àti aró tó ń kun ọwọ́ ẹni tó bá gbé e. Níta, kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àwọn ọkùnrin á ti kún ẹnu ọ̀nà. Èbúté wà lára ibi iṣẹ́ díẹ̀ tí wọn kì í ti í béèrè ìwé ẹ̀rí tàbí onídùúró, nítorí náà gbogbo ẹni tí ayé ti yí mọ́ lọ́wọ́ ló ń já síbẹ̀: alápatà tí ìsọ̀ rẹ̀ wó, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá lé, ará Poland tó sá fún ogun, títí kan ọmọ ọlọ́lá tó ti jẹ ogún tán. Bí fọ́máànù bá yọ, ariwo á sọ. Wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á máa na ọwọ́ sókè, àwọn kan á gun ẹ̀yìn ẹlòmíràn kí ojú fọ́máànù lè tó wọn. Ìjà yìí, nítorí ṣílè méjì àti sísì fún odindi ọjọ́ kan ni. Ẹni tí wọn ò bá pè á lọ jókòó sí àgbàlá tó wà nítòsí, bóyá wọn á tún nílò ènìyàn ní ọ̀sán.

Àwọn àgbà tó ná tọ́rọ́ àti sísì kí náírà tó dé ní 1973 kò nílò àlàyé lórí owó yìí. Fún àwọn ọmọ ìwòyí: kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́ùn kan.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1880, ọkọ̀ tó ń lo èéfín ti pọ̀, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí èbúté mọ́. Ṣé nǹkan wá dẹrùn? Rárá o. Ọkọ̀ eléèéfín ò fẹ́ dúró pẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ èbúté sì ń bá ara wọn du oníbàárà, wọ́n wá ń gba ènìyàn fún wákàtí kan, wákàtí méjì, kọ́bọ̀ márùn-ún fún wákàtí kan. Ọ̀gá àgbà èbúté Millwall, Birt, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin pé àwọn mìíràn ń wọlé wá láìtíì jẹun láti àná. Bí wọ́n bá ti ṣe wákàtí kan, wọ́n á gba owó rẹ̀, wọ́n á fi ra oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu wọn. Bó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn á ní òun ò ṣe mọ́, kì í ṣe torí pé ọ̀lẹ ni, agbára ló tán. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Fún àwọn tó ń kiri ọjà, òjò ni ọ̀gá tiwọn. Mayhew fojú bù ú pé wọ́n tó 30,000 tó ń fi ọmọlanke, apẹ̀rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ẹja, èso àti ewébẹ̀ kiri London. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ebi á wọ ilé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọlanke kì í ṣe tiwọn, wọ́n ń yá a ni. Owó tí wọ́n fi ń ra ọjà láàárọ̀ náà, ẹ̀yáwó ni. Ẹni tó bá yá pọ́ùn kan á máa san ṣílè kan lọ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èlé, pọ́ùn náà á sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: kí ọdún tó pé, èlé ti ju ìlọ́po méjì pọ́ùn náà lọ, gbèsè ò sì dín kọ́bọ̀. Sogúndogójì wa gan-an ṣàánú ju ìyẹn lọ. Ohun tó bí Mayhew nínú ni pé àwọn tó ń san èlé náà kò mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ, ìdí sì ni pé ṣílè kan lọ́sẹ̀ kì í dà bí ohun ńlá lójú ẹni tó ń ná owó òòjọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ń ta ewébẹ̀ watercress, ewé tútù tó ń hù nínú omi, tí àwọn ará London ń fi jẹ búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mayhew kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, nínú aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń wọ́ sílípáàsì nílẹ̀, kó lè bá àwọn ọlọ́jà ní Farringdon. Ó ní wọn ò lè rẹ́ òun jẹ níbẹ̀, òun mọ iye ewé tó yẹ kí kọ́bọ̀ rà. Á wá jókòó, á dì í ní ìdì kéékèèké, á máa polówó rẹ̀ ní ìdì mẹ́rin kọ́bọ̀ kan. Èrè tọ́rọ́ tàbí kọ́bọ̀ mẹ́rin ló sábà máa ń rí lóòjọ́, ìyá rẹ̀ ló sì ń kó o fún. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á lọ sílé àwọn Júù kan, á bá wọn tọ́jú iná àti àbẹ́là títí Sátidé á fi parí, nítorí òfin ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan iná lọ́jọ́ Sábáàtì. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ àti kọ́bọ̀ kan àtààbọ̀.

Mayhew gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: ọmọláńgidi, ọgbà ìṣeré, irú ìyẹn. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè jẹ́ kí irú òun wọ ọgbà bẹ́ẹ̀, kóun kàn wò ó. Ó ní òun mọ eré púpọ̀, àmọ́ òun kì í ṣe é, ọjà kíkiri ti ń rẹ òun. Ó sì jẹ́ kó yé baba yìí pé òun kì í ṣe ọmọdé, òun ti kọjá ọdún mẹ́jọ. Mo ti rí i tí àwọn kan ń ka ibi yìí sókè pẹ̀lú omijé lójú. Èmi ò rò pé ẹkún ni ọmọ náà fẹ́. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó mọ ọjà tà á mọ̀ pé ó ń fi ìmọ̀ rẹ̀ yangàn fún àjèjì ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé ìṣàn omi. Bí odò Thames bá fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ àti àwọn ìyá arúgbó á wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á máa ṣa èédú tó bọ́ nínú ọkọ̀, egungun, okùn àti ìṣó bàbà, èyí tó lówó lórí jù. Bí omi bá pa dà, ọjọ́ iṣẹ́ ti parí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbẹ́ ajá ni wọ́n ń ṣà lójú títì. Kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Korobá kan tó kún ń mú kọ́bọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá wá, nígbà mìíràn ó lé ní ṣílè, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe awọ ní Bermondsey, tí wọ́n fi ń sọ awọ di mímọ́ àti múlọ́múlọ́. Awọ yẹn ni wọ́n ń fi ṣe ìbọ̀wọ́ àwọn ọmọge, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé.

Ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ olówó ńlá náà ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá bá wà nílùú fún ijó àti àsè, àwọn aránṣọ kì í sùn. Bí àwọn yẹn bá ti lọ sí oko wọn ní òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ á dá. Ní oṣù Kẹfà 1863, Mary Anne Walkley, ọmọ ogún ọdún, kú ní ilé aránṣọ kan tó ń rán aṣọ fún ààfin ní ìgboro ìwọ̀-oòrùn London. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àtààbọ̀ ló fi ránṣọ láìdúró, ọgbọ̀n ọmọbìnrin nínú yàrá kan tí kò gba ẹ̀mí ìdajì wọn. Aṣọ ijó tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ ìyàwó tuntun Ọmọba Wales sí ni wọ́n ń lé. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn aránṣọ ṣì ń ránṣọ mọ́jú.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ní tààrà. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń fún ní ìlú Yorùbá àti níhà Niger ń dé Liverpool ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń pa ìdí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì fi ń ṣe àbẹ́là. Epo yìí wà lára ohun tó gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó ní 1851, tí wọ́n sì fi gba ìlú náà ní 1861. Ní òdìkejì òkun, ní London, ilé iṣẹ́ àbẹ́là Price ní Vauxhall, tó ń lo epo yìí, kún fún àwọn ọmọkùnrin. Díẹ̀ nínú wọn máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn bẹ́ǹṣì lẹ́yìn iṣẹ́ láti fi àkúfọ́ gègé tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé lórí àjákù bébà. Nígbà tí ọ̀gá wọn, James Wilson, gbọ́, ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó di ilé ẹ̀kọ́. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ ò fi parẹ́.

Ibo wá ni ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba dúkìá dógò ni àkọ́kọ́. Aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á rà á pa dà ní Sátidé bí owó bá wọlé, á tún pa dà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bó bá tán, ó di workhouse, ilé tí òfin 1834 kọ́ fún àwọn òtòṣì. Bí tọkọtaya bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọkọ gba ọ̀tún, ìyàwó gba òsì, àwọn ọmọ gba ibi tiwọn. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ náà: fífọ́ òkúta, tàbí kí wọ́n máa tú ògbólógbòó okùn ọkọ̀ tó ti gan pẹ̀lú ọ̀dà, ní fọ́nrán-fọ́nrán, títí èékánná á fi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá kú síbẹ̀ tí ẹbí kò wá gbé e, òfin 1832 gba àwọn aláṣẹ láàyè láti fi òkú rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ara. Ìdí rèé tí ìyá tí kò rí ti ọ̀la jẹ fi ń san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìsìnkú. Àwọn olówó fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òmùgọ̀ ni wọ́n, wọ́n ń febi pa ààyè torí òkú. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Charles Booth, ọlọ́kọ̀ òkun láti Liverpool, fi owó ara rẹ̀ tún ìbéèrè Mayhew béèrè láti 1886, lọ́nà tó gbòòrò jù. Ó pín òpópónà London sí àwọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, dúdú fún ibi tó burú jù, yẹ́lò fún ibi àwọn ọlọ́rọ̀. Ó rí i pé 30.7 nínú 100 ará London ló wà nínú ìṣẹ́. Nínú nǹkan bí 4,000 ilé tó tú wò láti mọ ohun tó fà á, láàárín àwọn tó tòṣì jù, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló fa 55 nínú 100: iṣẹ́ tó ń já, tàbí owó tí kò tó. Ọtí àti ìnákúnàá kò ju 14 lọ. Booth kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn sósíálíìsì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí àwọn tí kò fẹ́ gbọ́.

Àwọn tó wà nínú ìṣirò náà kò dúró de ìwé rẹ̀. Ní oṣù Keje 1888, bí 1,400 àwọn ọmọbìnrin àti obìnrin tó ń ṣe ìṣáná ní ilé iṣẹ́ Bryant & May ní Bow daṣẹ́ sílẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Annie Besant, ti kọ̀wé nípa owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, bí tọ́rọ́ fún ẹsẹ̀ tó dọ̀tí, àti nípa phosphorus funfun tó ń jẹ eegun àgbọ̀n wọn rà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti borí. Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ àti àbúrò àwọn alágbàṣe èbúté ni wọ́n.

Lọ́dún kejì, ní oṣù Kẹjọ 1889, ó kan èbúté fúnra rẹ̀. Ben Tillett, Tom Mann àti John Burns ló ṣáájú. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: sísì fún wákàtí kan, àti pé bí wọ́n bá ti pe ènìyàn wọlé, kí wọ́n má gbà á fún ohun tó kéré sí wákàtí mẹ́rin. Èyí èkejì ló ká mi lára jù, nítorí òun ló fọwọ́ kan àrùn náà gan-an. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tò gba ìgboro London kọjá, tí wọ́n ń gbé orí ẹja tó ti jẹrà sórí ọ̀pá kí àwọn oníṣòwò lè rí ohun tí alágbàṣe ń jẹ. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ebi fẹ́ ṣẹ́gun wọn, nǹkan bí 30,000 pọ́ùn dé láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Australia. Kádínà Manning, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bá wọn làjà, wọ́n sì pa dà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú sísì wọn.

Ìwé ìtàn sábà máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn ilé iṣẹ́ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀: àwọn tí wọ́n gbà pátápátá, àwọn tí wọ́n á kọ́kọ́ pè, àwọn tí wọ́n á pè tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan máa rí iṣẹ́. Fún ọkùnrin tó lágbára, ayé dára sí i. Àgbàlagbà tí kò lè gbé ẹrù fún wákàtí mẹ́rin, tó jẹ́ pé wákàtí kan ìdájí ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, kò sí nínú ìwé kankan. Booth, tó gbóríyìn fún ètò ìkọrúkọ yìí, mọ̀ bẹ́ẹ̀; òun náà ló lo èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọdún 1890 láti máa polongo pé kí ìjọba máa fún arúgbó lówó. Òfin rẹ̀ dé ní 1908. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1909, ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún, tí ohun tó ń wọlé fún un kò sì tó nǹkan, á lọ gba ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Owó wákàtí mẹ́wàá ní èbúté nìyẹn. Ẹni tó bá ti gba ìrànwọ́ àwọn òtòṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ 1908, wọn ò tíì ní í fún un.